Pẹ́ńsù Bàbá, Báírò Tèmi

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Baltimore, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó nínú ilé ni. Èmi ni mò ń wẹ Bàbá, èmi ni mò ń se oúnjẹ rẹ̀, èmi ni mò ń ka oògùn rẹ̀ sí i lọ́wọ́, tí mo sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kí n tó lọ sílé. Ìwé yẹn gan-an ni wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ohun tí o kò bá kọ, o kò ṣe é. Báírò la fi ń kọ ọ́, dúdú tàbí búlúù, a kì í fi pẹ́ńsù kàn án rárá. Bí o bá sì ṣì í kọ, o kò gbọdọ̀ pa á rẹ́, o kò gbọdọ̀ fi ọ̀dà funfun bò ó. Ìlà kan ṣoṣo ni wàá fà la àárín rẹ̀ kọjá, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè máa rí ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wàá kọ èyí tó tọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wàá wá fi lẹ́tà orúkọ rẹ àti déètì sí i.

Bàbá náà ní ìwé tiẹ̀. Pẹ́ńsù ló fi ń kọ ọ́.

Kì í ṣe bàbá tó bí mi o. Aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni, ọmọ bíbí Baltimore, ọdún 1940 ni wọ́n bí i. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní 2021, ó ní kí n máa pe òun lórúkọ. Mo ní ẹnu mi ò lè gbà á. Ó ní kí ni màá wá máa pe òun, mo ní Bàbá, ó ní kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, mo sọ fún un. Ó wò mí títí, ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n òun ò ní máa san owó ilé ìwé mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo bá a nídìí tẹlifíṣọ̀n, ìwé gbàǹgbà lórí itan, pẹ́ńsù lẹ́yìn etí. Àpótí kéékèèké ló kún ojú ìwé náà, dáyámọ́ńdì kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, Bàbá wá ń kọ nọ́ńbà sínú wọn: 6-3, 8, 4-6-3, K. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí. Mo sọ nínú ara mi pé, ṣé torí kí n lè wá bá arúgbó tó ń ta tẹ́tẹ́ ni mo ṣe sọdá òkun?

Kì í ṣe tẹ́tẹ́. Bésíbọ́ọ̀lù ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ráúńdà rí nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ ti mọ ìdajì rẹ̀. Ẹnì kan ń ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kan fi igi dúró dè é, bó bá gbá a, á sáré yí ibùdó mẹ́rin ká. Bésì ni wọ́n ń pe ibùdó náà. Ẹni tó bá yí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká pa dà sílé ti gba àmì kan. Àwọn mẹ́sàn-án ló ń ṣọ́ pápá láti dènà èyí, bí wọ́n bá sì ti lé ẹni mẹ́ta jáde, ẹgbẹ́ kejì á gba igi. Abala mẹ́sàn-án ni wọ́n ń ṣe, bí èsì bá sì dọ́gba, wọ́n á fi abala kún un. Kò sí fèrè ìṣẹ́jú àádọ́rùn-ún. Eré náà kì í sábà parí àfi bí wọ́n bá lé ẹni tó kẹ́yìn jáde, ìdí sì nìyẹn tí Bàbá fi máa ń jẹun alẹ́ láago mẹ́wàá.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́sàn-án tó ń ṣọ́ pápá ló ní nọ́ńbà nínú ìwé. Ajubọ́ọ̀lù ni 1, ẹni tó lóṣòó lẹ́yìn onígi ni 2, títí dé 9 tó wà ní ìkangun ọ̀tún. Nítorí náà, bí Bàbá bá kọ 6-3, ó túmọ̀ sí pé ẹni kẹfà ló mú bọ́ọ̀lù nílẹ̀, ó jù ú sí ẹni kẹta, wọ́n sì lé onígi jáde. K ni ti ẹni tó fi igi na afẹ́fẹ́ títí tí àyè rẹ̀ fi tán. Bó bá sì jẹ́ pé ńṣe ló dúró bí òpó tí bọ́ọ̀lù ìkẹyìn fi kọjá lójú rẹ̀, wọ́n á kọ K náà kó kọ ẹ̀yìn síni. Mo fẹ́ràn K yìí. Ó dà bí ẹni tí ojú ń tì.

Ṣùgbọ́n ohun tó dá mi dúró ni lẹ́tà E. Àṣìṣe ni. Bí ẹni kẹfà bá jẹ́ kí bọ́ọ̀lù tó yẹ kó mú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, E6. Kì í sì í ṣe nínú ìwé Bàbá nìkan. Lára bọ́ọ̀dù ńlá tó wà ní pápá, òpó mẹ́ta ló máa ń wà ní ìparí: R fún àmì, H fún gbígbá, E fún àṣìṣe. Ẹgbàá lọ́nà ogún ènìyàn jókòó, wọ́n ń wo iye àṣìṣe rẹ lókè réré. Ẹ rò ó wò ná. Ní pápá Liberty n'Íbàdàn, bí gólì bá jẹ́ kí bọ́ọ̀lù gba abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé, a óò bú u, a óò bú ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa gbé àkàbà lọ kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù pé àṣìṣe kan, láti ọwọ́ lágbájá.

Mo sọ fún Bàbá pé ìwà ìkà ni. Ó ní rárá, inúure ni. Ó ní bí wọn ò bá kọ E, ẹni tó jubọ́ọ̀lù ni wọn yóò ka àmì náà sí lọ́rùn. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ru ẹrù rẹ̀.

Eré yìí, eré ìkùnà ni ní tòótọ́. Onígi tó bá gbá a dáadáa nígbà mẹ́ta nínú mẹ́wàá, ọ̀gá ni; wọ́n á kọ ọ́ ní .300, ìyẹn 300 nínú 1,000. Ẹni tó kẹ́yìn tó dé mẹ́rin nínú mẹ́wàá fún odidi sáà kan nínú American League àti National League, líìgì méjì tó di àjọ ńlá òní (Major League), ni Ted Williams ti Boston, ní 1941. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìkẹyìn sáà yẹn, òṣùwọ̀n rẹ̀ jẹ́ .39955, tí wọ́n bá fẹ́ sún un sókè ó ti di .400. Ó lè jókòó. Kò jókòó. Eré méjì ni wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà ní Philadelphia, ó gbá mẹ́fà nínú mẹ́jọ, ó parí rẹ̀ sí .406. Bàbá kì í sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Ó kàn máa ń sọ pé, "Ó ṣeré." Ó tán.

Àwọn tó ṣàṣìṣe ni Bàbá fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀ nípa wọn.

Fred Snodgrass nìyí. Ní ìdíje àṣekágbá 1912, bọ́ọ̀lù kan gòkè, ó ń bọ̀ wálẹ̀ wẹ́rẹ́, ó ṣubú sí i lọ́wọ́, ó sì jábọ́. New York pàdánù ife. Snodgrass kúrò nídìí eré, ó lọ sí California, ó ṣòwò, ó dàgbà. Nígbà tó kú ní 1974, ọdún méjìlélọ́gọ́ta lẹ́yìn náà, ìwé ìròyìn New York Times kéde ikú rẹ̀, bọ́ọ̀lù tó já lọ́wọ́ rẹ̀ sì wà nínú àkọlé.

Bill Buckner wá ńkọ́? Orúkọ yẹn, ẹni tí kò mọ bésíbọ́ọ̀lù rárá ní Amẹ́ríkà á ti gbọ́ ọ. Ọjọ́ 25, oṣù kẹwàá, 1986, ní Shea Stadium ní New York. Boston kò tíì gba ife láti 1918. Abala kẹwàá ni wọ́n wà, wọ́n fi 5-3 ṣáájú, wọ́n ti lé ẹni méjì jáde, ó ku bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo kí ayẹyẹ bẹ̀rẹ̀. Ni nǹkan bá yí. Bọ́ọ̀lù tí Mookie Wilson gbá rọra ń yí bọ̀ nílẹ̀, ó gba abẹ́ ẹsẹ̀ Buckner, tó ń ṣọ́ bésì àkọ́kọ́ fún Boston, kọjá, Mets ti New York sì jáwé olúborí 6-5.

Nígbà tí Bàbá ní kí n wò ó lórí YouTube, mo wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ abala náà, n kò fo ìkankan. Inú sì bí mi. Ẹ̀yin ará, kí bọ́ọ̀lù yẹn tó dé ọ̀dọ̀ Buckner, èsì ti dọ́gba! Onígi mẹ́ta ti gbá a tẹ̀ léra. Ajubọ́ọ̀lù Boston ti ju ọ̀kan sódì tí ẹni tó wà ní bésì kẹta fi sáré wọlé, 5-5. Àní kí Buckner mú u pàápàá, eré ń bá a lọ ni. Wọ́n ṣì tún ní eré keje láti ṣe, wọ́n sì tún pàdánù yẹn náà. Ṣùgbọ́n ènìyàn ò lè kórìíra àwọn mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan ni wọ́n ń wá. Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù nígbà 2,715 láyé rẹ̀, ẹsẹ̀ tí bọ́ọ̀lù gba abẹ́ rẹ̀ kọjá ni wọ́n rántí. Ó di oṣù kẹrin 2008, lẹ́yìn tí Boston ti gba ife lẹ́ẹ̀mejì, kó tó gbà láti wá ju bọ́ọ̀lù ìṣíde ní pápá wọn. Gbogbo èrò dìde fún un, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ó ń nu omijé. Ó kú ní 2019.

Mo ní kí n fi èyí tó kàn yìí sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má baà gùn jù, ṣùgbọ́n òun gan-an ni n kò lè fi sílẹ̀.

Eré aláìlábùkù wà nínú bésíbọ́ọ̀lù. Ajubọ́ọ̀lù kan á dojú kọ onígi mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, á lé gbogbo wọn jáde tẹ̀ léra, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ní fẹsẹ̀ kan bésì láìjáde. Nínú ohun tó lé ní ogóje ọdún, mẹ́rìnlélógún péré ni àjọ ńlá ní lákọsílẹ̀. Ní ọjọ́ 2, oṣù kẹfà, 2010, ní Detroit, ọmọ Venezuela kan tó ń jẹ́ Armando Galarraga, tí kì í ṣe ìràwọ̀ rárá, ti lé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n jáde. Ó ku ẹyọ kan. Jason Donald ti Cleveland gbá a, bọ́ọ̀lù fi ilẹ̀ wọ́ lọ sọ́wọ́ Miguel Cabrera, Galarraga fúnra rẹ̀ sáré lọ sí bésì àkọ́kọ́, Cabrera jù ú sí i, ó gbà á, ó fẹsẹ̀ tẹ bésì. Ó ti ṣẹ́gun Donald pẹ̀lú ìṣísẹ̀ kan gbáko. Gbogbo pápá rí i.

Rẹfirí tó wà níbẹ̀, Jim Joyce, na ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́. Ó ní kò jáde.

Ẹ wo ojú Galarraga níbẹ̀ yẹn, ẹ wá a lórí YouTube kẹ́ ẹ dá a dúró. Ẹ̀rín ni. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀sín o. Irú èyí tí ènìyàn máa ń rín bí ọmọdé bá da omi sí i lára lọ́jọ́ ọdún. Ó yíjú, ó rìn pa dà sórí òkìtì tó ti ń ju bọ́ọ̀lù, ó lé ẹni tó kàn jáde, eré parí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń pariwo mọ́ rẹfirí.

Nígbà tí Joyce wọlé tó wò ó nínú fídíò, ó jáde sáwọn akọ̀ròyìn fúnra rẹ̀. Ó ní òun ṣì í, òun ló gba eré aláìlábùkù lọ́wọ́ ọmọ náà. Kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Galarraga ní tiẹ̀ ní kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe. Ní ọjọ́ kejì, Joyce náà ló tún kàn láti dúró lẹ́yìn onígi. Wọ́n ti ní kó má wá bó bá fẹ́, ó wá. Ìṣe wọn ni pé kí eré tó bẹ̀rẹ̀, aṣojú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á mú ìwé orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù wá fún rẹfirí. Lọ́jọ́ náà, Galarraga ni Detroit fi rán. Ó ń rìn bọ̀ pẹ̀lú bébà pélébé lọ́wọ́, Joyce rí i, omijé bọ́. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó gba ìwé, ó fọwọ́ gbá ọmọkùnrin náà léjìká. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ọ̀gá àjọ náà kọ̀ láti yí ìdájọ́ pa dà. Títí dòní, nínú ìwé, Donald kò jáde. Eré tí gbogbo ayé fi ojú ara wọn rí pé kò lábùkù, ìwé ní ó lábùkù. Láti 2014 ni wọ́n ti ń lo fídíò láti tún irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ wò. Mo bi Bàbá léèrè pé kí ni òun ì bá kọ sínú àpótí náà ká ní òun ló ń kọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ohun tí rẹfirí bá sọ lòun ń kọ. Ó wá fi pẹ́ńsù kan ìwé náà, ó ní, "Ṣùgbọ́n mo ní ìrésà."

Ìdí tó fi ń lo pẹ́ńsù nìyẹn. Ẹni tí àjọ yàn láti máa kọ èsì eré lè yí ọkàn pa dà lọ́jọ́ kejì. Ohun tó pè ní àṣìṣe lánàá, ó lè sọ pé gbígbá gidi ni. Bàbá á sì pa á rẹ́, á tún un kọ. Mo ní níbi iṣẹ́ tiwa, wọ́n á lé mi. Ó ní iṣẹ́ tiyín, ẹ̀rí ló ń wá. Tòun, òtítọ́.

Oṣù kẹjọ 2022, ó kan èmi náà. Mo fún Bàbá ní oògùn ìfúnpá rẹ̀ láago mẹ́sàn-án alẹ́, mo sì kọ ọ́ sínú àpótí ọjọ́ kejì. Ó ti rẹ̀ mí, ojú mi ti ń dá. Ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi lóru ṣí ìwé, ó rí àpótí òfìfo, ó ti da oògùn sí àtẹ́lẹwọ́ kó tó ní kóun kọ́kọ́ pè mí. Inú bọ́ọ̀sì ni ìpè rẹ̀ ti bá mi. N kò mọ bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí mo pa dà débẹ̀, mo fà á ní ìlà kan, mo kọ èyí tó tọ́, mo fi lẹ́tà orúkọ mi sí i, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Bàbá kò tíì sùn. Ó pè mí, ó béèrè pé nọ́ńbà mélòó ni mí ní pápá. N kò lóye. Ó ṣí ìwé tiẹ̀ sí eré alẹ́ ọjọ́ náà, ó kọ E10 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án péré ló wà nínú eré yẹn. Ó ní èmi lẹni kẹwàá. Ó wá kọjú sí ògiri, ó sùn.

Ará Baltimore tí ẹ bá bi léèrè ọjọ́ ńlá bésíbọ́ọ̀lù, ọjọ́ 6, oṣù kẹsàn-án, 1995 ni yóò dárúkọ. Ọjọ́ tí Cal Ripken, agbábọ́ọ̀lù Baltimore, ṣe eré rẹ̀ ìkẹgbàá-lé-mọ́kànléláàádóje láìpa ọjọ́ kan jẹ. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ ní nọ́ńbà kẹ́ ẹ lè mí: 2,131. Lou Gehrig ló ní 2,130 tẹ́lẹ̀, àìsàn ló sì dá a dúró ní 1939. Nígbà tí eré alẹ́ yẹn dé ibi tí wọ́n lè kà á sí eré, wọ́n yí nọ́ńbà tó wà lára ilé ìkẹ́rù gígùn lẹ́yìn pápá Camden Yards pa dà, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún ìṣẹ́jú méjìlélógún. Ripken rìn yí pápá ká, ó ń bọ èrò lọ́wọ́. Ìgbà tó fi máa sinmi ní 1998, ó ti di 2,632. Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ alẹ́ lọ́jọ́ Kérésì, mo mọ ohun tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún.

Bàbá wà ní pápá lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi í nípa 1995, oṣù kẹta ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Ó ní lóṣù kẹta ọdún yẹn, wọ́n dìbò yan Leon Day sínú Gbọ̀ngàn Olókìkí bésíbọ́ọ̀lù, ó wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn ní Baltimore nígbà tí ìròyìn náà bá a, ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà ó kú. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin.

Leon Day yìí, ajubọ́ọ̀lù ni. Ó lọ jagun fún Amẹ́ríkà, ó dé, eré àkọ́kọ́ tó ṣe ní 1946 fún Newark Eagles, ẹnikẹ́ni kò rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ gbá. Kò ṣe eré kan rí nínú ohun tí wọ́n ń pè ní àjọ ńlá nígbà náà. Àwọ̀ rẹ̀ ni. Kò sí òfin kankan tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ wọlé. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ kàn jọ mọ̀ ọ́n láàárín ara wọn, láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn aláwọ̀ dúdú dá àjọ tiwọn sílẹ̀ láti 1920. Ẹgbẹ́ ti Baltimore ń jẹ́ Elite Giants, "Í-láìtì" ni wọ́n sì ń pè é, Bàbá á tún un ṣe fún yín bí ẹ bá pè é bíi ti ìwé.

Ní 1949, bàbá Bàbá mú un lọ sí Bugle Field lápá ìlà oòrùn ìlú láti lọ wo Í-láìtì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ó rí Leon Day níbẹ̀. Ohun tó rántí jù lọ kò lọ́wọ́ nínú eré náà: bàbá rẹ̀ wọ bàtà ọjọ́ ìsinmi, pẹ́ńsù wà lẹ́yìn etí rẹ̀, ó ń kọ. Ọmọdé béèrè pé kí ló ń kọ ọ́ fún, ṣebí ìwé ìròyìn á gbé e jáde lọ́la. Bàbá rẹ̀ ní ìwé ìròyìn ta ni?

Ibẹ̀ ni mo ti wá rí i pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wa nìyí. Ohun tí o kò bá kọ, o kò ṣe é. Josh Gibson ti Homestead Grays, ahánbọ́ọ̀lù tó lóṣòó lẹ́yìn onígi, tó sì tún jẹ́ pé òun ni wọ́n ní kò sí onígi bíi tirẹ̀: àkọlé rẹ̀ ní Gbọ̀ngàn Olókìkí sọ pé ó gbá bọ́ọ̀lù jáde kúrò ní pápá nígbà tó súnmọ́ 800. Èyí tí wọ́n rí lákọsílẹ̀ nínú eré líìgì kò tó 200. Ibo ni ìyókù wọ̀? Inú ọkọ̀ bọ́ọ̀sì ni. Wọ́n á ṣeré lọ́sàn-án nílùú kan, wọ́n á ṣe òmíràn lálẹ́ nílùú kejì, nítorí owó tí wọn yóò jẹ. Ìwé ìròyìn àwọn òyìnbó kò bìkítà. Àwọn ìwé ìròyìn aláwọ̀ dúdú bíi Afro-American ti Baltimore ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mélòó ni akọ̀ròyìn ní?

Gibson kú ní ọjọ́ 20, oṣù kìíní, 1947, ẹni ọdún márùndínlógójì. Kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 15, oṣù kẹrin, Jackie Robinson wọ pápá fún Brooklyn. Gbogbo ayé mọ déètì yẹn. Ohun tí n kò mọ̀ kí Bàbá tó fi hàn mí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú eré náà. Robinson kò gbá ìkankan lọ́jọ́ yẹn. Ní abala keje, ó rọra fi igi kan bọ́ọ̀lù, ẹni tó wà ní bésì àkọ́kọ́ fún Boston jù ú ṣì, Robinson sáré dé bésì kejì, nígbà tí ẹni tó tẹ̀ lé e gbá a, ó wọlé, àmì yẹn ló mú Brooklyn ṣáájú. E3. Àṣìṣe ẹlòmíràn ló gbé e wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bàbá máa ń rẹ́rìn-ín títí tí yóò fi húkọ́ bó bá dé ibẹ̀.

Satchel Paige, ajubọ́ọ̀lù tó dàgbà jù wọ́n lọ, kò rí àyè wọlé títí di 1948, nígbà tó ti pé ọdún méjìlélógójì. Ó ṣì lé wọn jáde. Martín Dihigo kò tilẹ̀ rí àyè rárá. Ọmọ Matanzas ni, ní Cuba. Mo dá Bàbá dúró níbẹ̀, mo ní Matanzas kẹ̀? Ibi tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lọ sí oko ìrèké ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún nìyẹn, níbi tí àwọn Lukumí, àtọmọdọ́mọ wọn, ṣì ti ń lu bàtá fún Ṣàngó di òní. Ibẹ̀ náà ni pápá Palmar de Junco wà, tí wọ́n ti ṣe eré bésíbọ́ọ̀lù kan ní oṣù kejìlá 1874 tí àwọn ará Cuba ń ka ìtàn eré náà láti ibẹ̀. Dihigo jubọ́ọ̀lù, ó gbá a, ó ṣọ́ gbogbo ìkángun pápá. Bí wọ́n bá kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé Bàbá, láti 1 dé 9 ni. Cuba, Mexico àti Amẹ́ríkà gbé e sínú gbọ̀ngàn ọlá wọn. Alẹ́ ọjọ́ náà, mo lu tábìlì ní bàtá fún Bàbá pẹ̀lú ṣíbí méjì. Kò dáa rárá. Ìjẹ̀bú ni mí, n kì í ṣe ọmọ Àyàn.

Ní 1969, ìgbìmọ̀ kan jókòó láti sọ àwọn líìgì tí ìtàn yóò kà sí àjọ ńlá. Wọ́n dárúkọ mẹ́fà. Ọ̀kan nínú wọn kò lò ju ọdún kan lọ, ní 1884. Ti aláwọ̀ dúdú kò sí nínú rẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n jiyàn lé e lórí kí wọ́n tó kọ̀ ọ́; kò wá sọ́kàn wọn. Ó di ìparí 2020 kí àjọ náà tó sọ pé àṣìṣe ni, pé líìgì méje tí aláwọ̀ dúdú ṣe láàárín 1920 sí 1948, àjọ ńlá ni wọ́n. Àwọn olùwádìí tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣí ìwé ìròyìn àtijọ́ lójú ewé kọ̀ọ̀kan, àwọn ni wọ́n kó nọ́ńbà jọ. Ní ìparí oṣù karùn-ún 2024, wọ́n da àkọsílẹ̀ agbábọ́ọ̀lù tó lé ní 2,300 pọ̀ mọ́ ti ìyókù. Láti ọjọ́ pípẹ́, Ty Cobb ló wà lókè pátápátá nínú òṣùwọ̀n onígi, .367. Ó di ẹni kejì. Josh Gibson, .372.

Mo ka ìròyìn náà sí Bàbá létí lórí fóònù mi. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo tún ka ti àwọn tó ń ṣàríwísí, pé eré tí Gibson ṣe kéré, pé ọgọ́ta eré tàbí bẹ́ẹ̀ ni líìgì wọn ń ṣe lọ́dún kan níbi tí Cobb ti ń ṣe àádọ́jọ. Òótọ́ ni. Ta ló mú kó kéré?

Bàbá kò dá sí i. Ó ní kí n lọ bá òun gbé ìwé kan wá nínú yàrá, ìwé àkọsílẹ̀ bésíbọ́ọ̀lù tó ki bíi búrẹ́dì, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó. Ó ṣí i sójú ewé tí òṣùwọ̀n onígi wà. Cobb ló wà lókè. Ṣùgbọ́n lókè Cobb, ní àlàfo funfun orí ewé náà, ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù kọ "Josh" láti ọjọ́ pípẹ́, pẹ́ńsù náà ti ń ṣá. Níwájú orúkọ náà, ìlà kékeré kan, bí ẹni fi àyè sílẹ̀ fún nọ́ńbà. N kò béèrè bóyá ọwọ́ rẹ̀ ni tàbí ti bàbá rẹ̀.

Ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìn etí, ó mú pẹ́ńsù, ẹnu rẹ̀ ti kú. Mo gbà á, mo lọ sí kíṣìnnì, mo fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ dáadáa, mo fẹ́ ẹ̀fun igi orí rẹ̀ dànù. Nígbà tí mo pa dà dé, ó ti kọ ọ́. Ìwé iṣẹ́ mi wà ní ṣíṣí lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, báírò búlúù mi sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wá ìdérí rẹ̀ kiri lórí itan.